Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí òkun máa lu aago fún yín

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ní ẹ ti kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá sí etí òkun ní Essex. Ẹ ní ègékù ankara, àdìrẹ màmá yín àti aṣọ òkè bàbá yín wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ sì fẹ́ fi wọ́n rán quilt, aṣọ ìbora tí wọ́n fi ègé aṣọ tò pọ̀, nígbà ìwọ́wé yìí. Ẹ ò mọ̀ bóyá maṣíìnì ni kí ẹ rà ni, àbí ọwọ́ lẹ ó fi rán an. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, pé ilé ti dákẹ́ jù.

Mo ti gba ibẹ̀ kọjá. Leigh-on-Sea ní Essex níbí náà ni mo ń gbé, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Quilt mẹ́rin ni mo rán yọrí, mo ba méjì jẹ́. Àwọn méjì tó bà jẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n lẹ́nu láti dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àdìrẹ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn mí jù. Màmá mi ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, Olókun ni wọ́n ń pe ọnà rẹ̀. Ẹ ó ti rí irú rẹ̀ rí: wọ́n á pín ojú aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ohun tí wọ́n bá sì yà sínú ojú kan, ọ̀tọ̀ ni tẹnìkejì rẹ̀. Kí èmi tó mọ ohun tó ń jẹ́ quilt, àwọn aláró wa ti fi ẹ̀kọ yà á sórí aṣọ. Mo gé Olókun yẹn sí wẹ́wẹ́, mo ń fi aṣọ funfun báláú là á láàárín, kí ó lè dà bí ìgbì tó ń hó. Mi ò fọ̀ ọ́ kí n tó gé e. Mo ní, aṣọ tí màmá mi ti fọ̀ láti ayébáyé, kí ni n óò tún máa fọ̀ níbẹ̀?

Oṣù mẹ́rin ni mo fi rán an. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jù ú sínú maṣíìnì ìfọṣọ, mo kàn ṣèèṣì wo ojú gíláàsì rẹ̀ ni, mo rí i pé omi inú rẹ̀ ti di aró. Ilẹ̀kùn ti ti ara rẹ̀ pa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì, mò ń wò ó bó ṣe ń yí, fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó jáde, kò sí funfun kankan mọ́.

Aró ẹ̀lú kì í wọnú òwú tán, ara òwú ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi lè máa yọ lẹ́yìn ogún ọdún. Wọn á ní kí ẹ fi fínígà àti iyọ̀ sí i. Mo ṣe é, ilé mi rùn kíkan fún ọjọ́ mẹ́ta, aró kò sì yé yọ. Omi tútù ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, ẹ dà á nù, ẹ tún rẹ ẹ́, títí omi yóò fi mọ́ gaara. Àdìrẹ tí mo lò lẹ́yìn ìyẹn, omi mẹ́sàn-án ló gbà. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ funfun tó tutù ra á lójú. Tí ó bá ṣì kun funfun yẹn, ẹ má bínú, ẹ fi tò pẹ̀lú ankara aláwọ̀ dúdú, kí ẹ sì jẹ́ kí funfun gba tirẹ̀ lọ.

Ankara ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́rọ́ fọ̀ ọ́, kí gbogbo gbígan ara rẹ̀ lè kúrò, kí ó sì sún kì tí yóò bá sún kì kí ẹ tó gbé sísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní ankara ló jẹ́ òwú. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ níbi etí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i lórí àwo: tó bá jó di eérú bíi bébà, òwú ni; tó bá yọ́, tó wá dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré, pọliẹ́sítà ti wọ̀ ọ́. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó fún òwú yóò sun èkejì. Ti léèsì, ihò ihò ni gbogbo ara rẹ̀, òwú wadding tí ẹ bá tẹ́ sáàárín á máa yọjú níbẹ̀ bí irun imú. Ẹ fi sílẹ̀.

Èkejì tí mo bà jẹ́, ìwọ̀n ló bà á jẹ́. Ègé 180 ni mo gé, ínǹṣì márùn-ún níbùú lóròó. Tí ojú rírán bá gba ìdá mẹ́rin ínǹṣì lápá kọ̀ọ̀kan, ègé kọ̀ọ̀kan á ku ínǹṣì mẹ́rin ààbọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ègé méjìlá, ó yẹ kó jẹ́ ínǹṣì 54 àti ààbọ̀ géérégé, torí a kò tíì rán etí rẹ̀ méjèèjì. Àmọ́ ọwọ́ mi ń yẹ̀. Ìyàtọ̀ tí kò ju ìdá mẹ́jọ ínǹṣì lọ lójú rírán kan, ẹ lè má fi ojú rí i. Ojú rírán mọ́kànlá ló wà nínú ìlà kan, nígbà tó máa fi parí, ìlà kan ti fi ínǹṣì kan àti díẹ̀ gùn ju èkejì lọ. Mo ní kí n fà á, kí ó lè bára mu. Mo fà á lóòótọ́. Ó wá wú láàárín bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá rán ìlà kan tán, mo máa ń wọ̀n ọ́ kí n tó so ó mọ́ èkejì. Tí kò bá pé, títú ni.

Nípa maṣíìnì: ẹ má tíì ra ọ̀kankan. Ẹni tó ta tèmi fún mi ní ó lè rán igba oríṣi ojú rírán. Ọ̀kan ni mo ti lò. Ẹ fi ọwọ́ rán ogún ègé àkọ́kọ́ ná, kí ọwọ́ yín lè mọ ohun tí ojú rírán jẹ́. Tó bá ṣe pé ẹ ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di oṣù kejìlá, ẹ wá èyí tó ti dàgbà díẹ̀, tó lè rán ọ̀ọ́kán tààrà. Ìyẹn tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé tó dákẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan á tó mi. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti ń ránṣọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n dá aago padà sẹ́yìn, ilẹ̀ wá ń ṣú kí aago márùn-ún tó lù. Èjìká mi le gbagidi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá tẹlifíṣọ̀n jà. Ohun tó yọ mí ni ìwé kékeré kan tí mo rà ní pọ́ọ̀nù díẹ̀, tí wọ́n kọ àkókò tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà sí.

Ẹ ti rí i pé lọ́dọ̀ wa níbí, omi tó bá fà lè lọ ju máìlì kan lọ, kó ku ẹrẹ̀ nìkan. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fa afárá ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ (pier) ti ìlú Southend wọnú òkun tó kìlómítà 2.16; láyé ọjọ́un, ọkọ̀ ojú omi ò lè dé èbúté tí omi bá ti fà. Wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín ìkún kan àti èkejì, torí náà, lójoojúmọ́ ni ìkún ọ̀sán ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná. Tí omi bá fà, àwọn ẹyẹ á fọ́n ká sórí ẹrẹ̀, wọ́n á kéré bí ata gígún. Tó bá ń kún bọ̀, ṣe ló ń lé wọn bọ̀ wá bá ẹ. Èmi máa ń jáde ní wákàtí méjì kí omi tó kún. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni ó ń kún, àárọ̀ ni mo ń ránṣọ. Bó bá jẹ́ àárọ̀, ọ̀sán ni. Ọjọ́ méjì kì í rí bákan náà. Òkun ló ń sọ ìgbà tí mo gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mi ò sì lè bá a jiyàn bí mo ṣe ń bá ara mi jiyàn.

Ẹ lọ sí Two Tree Island, erékùṣù kan lẹ́bàá Leigh. Ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí ni tẹ́lẹ̀, kẹ́yìn ni wọ́n wá yà á sọ́tọ̀ fún ẹyẹ. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni ẹ ó ti máa rí brent goose, dúdú, kò tóbi ju pẹ́pẹ́yẹ ńlá lọ, funfun tín-ín-rín wà lọ́rùn rẹ̀ bíi kọ́là àlúfáà. Siberia ni wọ́n ti ń bọ̀, ìrìn àjò tó lé ní kìlómítà 4,000, koríko tó ń hù nínú ẹrẹ̀ wa yìí ni wọ́n ń wá jẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn dáadáa. Èyí tí ìlà funfun funfun bá wà lórí ìyẹ́ rẹ̀, tí kò sì ní kọ́là, ọmọ ọdún yìí ni, àwọn òbí rẹ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn. Papọ̀ ni ẹbí wọn máa ń wà títí òtútù yóò fi lọ. Lọ́dún mìíràn, ẹ ó ka igba ẹyẹ, ẹ ò ní rí ọmọ mẹ́ta. Eku kékeré kan báyìí ló wà ní Siberia, lemming lorúkọ rẹ̀. Ọdún tí eku yẹn bá pọ̀, òun ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń jẹ. Ọdún tó bá wọ́n, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á kọjú sí ẹyin àti ọmọ ẹyẹ. Ẹni tó jókòó sí Essex pẹ̀lú tíì nínú fúláàsì ń ka iye eku Siberia láìmọ̀.

Lékeléke náà wà níbẹ̀, inú mi dùn débi pé mo pariwo lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ rántí bí a ṣe ń na èékánná sí i ní kékeré pé kó fún wa ní funfun? Tibí kì í ṣe èyí tó ń tẹ̀lé màlúù. Àgógó rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, àfi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló yẹ́lò, bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ àwo kọ́sítádì. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ó rí i tí yóò na ẹsẹ̀ kan síwájú sínú omi tí kò jìn, yóò máa gbọ̀n ọ́n wìrìwìrì, edé tó sá pamọ́ á ta jáde, kíá, ó ti gbé e mì. Mo fi aṣọ yẹ́lò gé ẹsẹ̀ yẹn sórí quilt mi kẹta. Ohun tí àwọn ọmọ mi sì fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan ṣá o. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ẹyẹ wọ orí ẹrẹ̀, bó ti wù kó gbẹ tó lójú yín. Mo ṣe é lọ́dún kejì. Ìgbésẹ̀ ogún péré, ẹrẹ̀ gbà mí dé orúnkún. Bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ kan ni èkejì ń wọlẹ̀, omi sì ti ń gba ẹ̀yìn mi wọlé láti inú àwọn ipa omi, kì í ti iwájú nìkan bọ̀. Bàbá kan tó ń wa ekòló fún ìjẹ ìwọ̀ ló lọgun sí mi pé kí n dùbúlẹ̀, kí n máa fi igbáàyà wọ́. Mo wọ́ jáde pẹ̀lú bàtà kan. Alẹ́ ni mo tó lè di abẹ́rẹ́ mú láì gbọ̀n. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dúró, ẹ ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, 8x42 (èyí tó ń mú nǹkan tóbi nígbà mẹ́jọ) ti tó. Ìyẹn náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ dẹ́rù ba àwọn ẹyẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fò torí èèyàn tàbí ajá, ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ fi la òtútù já ni wọ́n ń jó nù.

Àwọn ará ilé á bi yín léèrè o. Àǹtí mi ní Abẹ́òkúta rí fọ́tò quilt kejì lórí WhatsApp, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Ṣé owó ìfẹ̀yìntì wọn ò tó ra kúbùsù gidi ni?" Lójú tiwa, àbùlẹ̀ ni àbùlẹ̀ ń jẹ́. Mi ò dá wọn lóhùn. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà ọyẹ́. Wọn ò tíì dá a padà.

Ti aṣọ òkè bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Tí ẹ bá gé e, etí rẹ̀ á máa tú, ó wúwo ju ankara lọ, àwọn okùn dídán inú rẹ̀ kò sì lè gba áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ẹ rán méjì yọrí ná. Tí ẹ bá wá ṣetán, ojú ìdè tí wọ́n fi so ọ̀já kan mọ́ èkejì ni kí ẹ tú, kí ẹ lo ọ̀já kọ̀ọ̀kan lódindi, bí ahunṣọ ṣe hun ún.