Bí creatinine bá gòkè lẹ́yìn oògùn tuntun, ẹ má tíì dá oògùn dúró

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ ní ẹni ọdún 58 ni wọ́n, pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, àti pé dókítà fi dapagliflozin 10 mg, oògùn tó ń mú kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde, kún lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, creatinine wọn, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, kúrò ní 1.5 mg/dL, ó di 1.8. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀, ẹ sì ń béèrè bóyá ìwádìí ti mú ohun tó sàn ju èyí lọ wá. Lórí ti àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá a dúró. Lórí ìkejì, oògùn tó wà lọ́wọ́ màmá yẹn gan-an wà lára ohun tó dára jù tí ìwádìí mú wá láti bí ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó ná. Láti 1.5 sí 1.8, ó fi 0.3 gòkè, ìyẹn 20%. Creatinine nìkan kò tó fi dájọ́. eGFR ni kí ẹ máa wò, òun ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi ìlànà ìṣirò CKD-EPI ti ọdún 2021 ṣe é fún obìnrin ẹni ọdún 58, creatinine 1.5 jẹ́ eGFR bíi 40, 1.8 sì jẹ́ bíi 32. Ẹ bi láàbù léèrè bóyá ìlànà 2021 ni wọ́n ń lò, torí pé ti àtijọ́ máa ń bu kún èsì àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì ń mú kí kíndìnrín wọn dà bí èyí tó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Bó bá jẹ́ µmol/L ni láàbù yín ń kọ, ẹ fi 88.4 pín in kí ẹ tó fi wé àwọn nọ́ńbà tí mo kọ síbí, tí í ṣe mg/dL.

Kí ló wá gbé e gòkè? Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ kéékèèké ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ń wọ inú asẹ́, òmíràn ń jáde. Lára alátọ̀gbẹ, èyí tó ń wọlé máa ń là sílẹ̀ jù, èyí tó ń jáde a sì fún, ìfúnpá inú asẹ́ á wá ga kọjá ààlà. Asẹ́ tó wà lábẹ́ irú ìfúnpá bẹ́ẹ̀ ń sẹ́ púpọ̀ lónìí, àmọ́ ó ń ya díẹ̀díẹ̀, púrótéènì á sì máa gba ibi tó ya bọ́ sínú ìtọ̀. Lisinopril ń tú iṣan tó ń jáde. Dapagliflozin ń mú kí èyí tó ń wọlé sún kì díẹ̀. Ìfúnpá á rọlẹ̀, iye tí asẹ́ ń sẹ́ á dín díẹ̀, creatinine á gòkè. Ìtura asẹ́ lẹ ń rí nínú nọ́ńbà yẹn.

Ìwádìí DAPA-CKD tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020 jẹ́ ká rí i. Ènìyàn 4,304 ló wà nínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá. Wọ́n fún apá kan ní dapagliflozin, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, eGFR àwọn tó gba oògùn fi bíi 4 lọ sílẹ̀, ti apá kejì kò sì tó 1. Ẹni tó bá dá àyẹ̀wò dúró níbẹ̀ á ní oògùn náà ń pa kíndìnrín. Àmọ́ láti ìgbà náà lọ, àwọn tó ń lò ó ń pàdánù nǹkan bí 1.7 lọ́dún, àwọn tí kò lò ó ń pàdánù 3.6. Kí ọdún méjì tó pé, àwọn tó kọ́kọ́ já sílẹ̀ ti lé àwọn yòókù bá, wọ́n sì ti yà wọ́n sílẹ̀. Nínú ènìyàn 19 tó lò ó fún nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù márùn-ún, ẹnì kan bọ́ lọ́wọ́ kí eGFR rẹ̀ já sí ìdajì, kí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn gba ẹ̀mí rẹ̀. Nínú ìtọ́jú àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ìwádìí CREDENCE ti rí irú rẹ̀ ní 2019 pẹ̀lú canagliflozin, ìwádìí EMPA-KIDNEY náà sì rí i ní 2023 pẹ̀lú empagliflozin, àwọn oògùn tó jọ dapagliflozin. Ẹni tó bá sá fún oògùn yìí ní ọ̀sẹ̀ kẹta ti san owó ìrìn àjò, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà wo ló yẹ kí ọkàn yín má balẹ̀? Bí creatinine bá fi ju 30% gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ju 1.95 lọ fún màmá, tàbí bí potassium, èròjà iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, bá kọjá 5.5 mmol/L, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde. Nígbà náà pàápàá, ohun tó fà á ni kí dókítà kọ́kọ́ wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac. Bí ẹnì kan bá ń lo lisinopril pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀, tó wá fi ibuprofen lé e, ó ti dí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí asẹ́ lè gbà rí ẹ̀jẹ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìtó omi lára, oògùn ìtọ̀ tó pọ̀ jù, àti iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín tí inú rẹ̀ ti há. Ẹ tún wo bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn kòkòrò tó ní trimethoprim nínú. Ó ń gbé creatinine gòkè láìpa asẹ́ lára, àmọ́ ó ń gbé potassium gòkè ní tòótọ́.

Kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kí wọ́n má jẹ ẹran fún wákàtí 12 ṣáájú rẹ̀, nítorí ẹran tí a sè máa ń ti creatinine sókè. Kí wọ́n mu omi bí wọ́n ṣe máa ń mu ún, kí wọ́n má sì fi tipátipá mu ún kí èsì lè dára.

Nọ́ńbà tí ẹ kò kọ síbí rárá ni uACR, èyí tó ń sọ bí púrótéènì ṣe ń jò sínú ìtọ̀ tó. Ní tèmi, òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní àárọ̀ ni kí wọ́n gbé lọ, kó má jẹ́ ìgbà tí ibà tàbí àrùn ìtọ̀ ń ṣe wọ́n, kó má sì jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ agbára. Bí kò bá tó 30 mg/g, ó dára. Láti 30 sí 300, ó ti ń jò. Bó bá ju 300 lọ, ó ń jò gan-an. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ mg/mmol, 3 ló dọ́gba pẹ̀lú 30 yẹn. Nọ́ńbà yìí máa ń lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi páálí tí wọ́n ń kì bọ inú ìtọ̀ rọ́pò rẹ̀, torí pé kì í rí jíjò kékeré. Bí uACR bá fi 30% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iṣẹ́ ń lọ, kódà kí creatinine ṣì wà ní 1.8.

Ohun kan wà tó kán mi lójú ju creatinine lọ nínú ọ̀rọ̀ yín. Alátọ̀gbẹ ọlọ́jọ́ pípẹ́ sábà máa ń lo metformin. Bí màmá bá ń lò ó, ẹ lọ wo ìwọ̀n rẹ̀ lónìí. Bí eGFR bá ti wà lábẹ́ 45, kì í yẹ kó ju 1,000 mg lọ lójúmọ́. Bó bá bọ́ sábẹ́ 30, kí dókítà yọ ọ́ kúrò. Ní 32, kò jìnnà mọ́.

Ọjọ́ àìsàn ni nǹkan sábà máa ń bàjẹ́. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú wọn, tí oúnjẹ àti omi kò dúró nínú, kí wọ́n dá dapagliflozin, lisinopril, metformin àti oògùn ìtọ̀ dúró ná títí wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu dáadáa. Insulin kò sí nínú èyí o. Ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá a dúró pátápátá. Kí dókítà kọ ìlànà yìí sílẹ̀ fún wọn kí àìsàn tó dé. Kí wọ́n dá dapagliflozin dúró ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ lè kún fún ásíìdì nígbà tí ṣúgà kò tilẹ̀ ga. Bí inú bá ń run wọ́n, tí wọ́n ń bì, tí wọ́n sì ń mí gúlegúle, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ orúkọ oògùn náà kí wọ́n lè wo ketone, ìyẹn ásíìdì náà, nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìyọnu tó wọ́pọ̀ jù ni ojú ara tó ń yún, torí ṣúgà ń bá ìtọ̀ jáde. Kí wọ́n máa fi omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ.

Ní ti iyọ̀, kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan, kí ẹ sì ka èyí tó wà nínú oúnjẹ inú agolo mọ́ ọn. Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n kọ sí lára pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Potassium ló pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú lisinopril ó lè ṣe ọkàn ní jàǹbá.

Ní ti ohun tuntun, finerenone, oògùn tó ń dáàbò bo kíndìnrín, ló yẹ kí ẹ bá dókítà sọ, bí uACR bá ṣì ga lẹ́yìn tí oògùn méjèèjì bá ti fìdí múlẹ̀. Ìwádìí FIDELIO-DKD ti 2020 jẹ́ ti àwọn alátọ̀gbẹ bíi màmá. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí potassium bá ga. 10 mg ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní irú eGFR tiwọn, wọ́n á sì tún potassium wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ semaglutide, 1 mg lọ́sẹ̀, dín ewu kíndìnrín kù ní 24% nínú ìwádìí FLOW ti 2024, láàárín àwọn alátọ̀gbẹ 3,533.

Ọ̀rọ̀ jíìnì APOL1 tí ẹnì kan dá síbí yàtọ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣàwárí pé irú rẹ̀ méjì, G1 àti G2, tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń fi kún ewu àìsàn kíndìnrín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló ń ṣàìsàn. Oògùn inaxaplin dín púrótéènì inú ìtọ̀ kù ní 47.6% láàárín ọ̀sẹ̀ 13, àmọ́ ìwádìí kékeré ni, lára àwọn tí jíìnì náà ti ba asẹ́ wọn jẹ́. Kò kan màmá báyìí. Kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi sí ara alààyè ní Massachusetts General Hospital ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta 2024 náà ṣì wà lábẹ́ ìwádìí.

Bí eGFR bá bọ́ sábẹ́ 30, kí dókítà kíndìnrín gbà wọ́n. Láti ìsinsìnyí, ẹ ní kí láàbù máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti ẹ̀yìn ọwọ́, kí iṣan apá òsì wọn má bàjẹ́, bí wọ́n bá jẹ́ ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ wá ọ̀nà bí ó bá di dandan láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀.

Bí àyẹ̀wò tuntun bá jáde, ẹ kọ creatinine, potassium, uACR, ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, àti gbogbo oògùn tó wà nínú àpò wọn síbí, títí kan èyí tí dókítà kò kọ fún wọn.