Ìyá Tómi, ẹ bi wọ́n léèrè oògùn gìrì yẹn dáadáa

Ìyá Tómi, ẹ kú wàhálà ọmọ o, Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ ní dókítà ń fura sí Dravet, irú wárápá líle tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọwọ́, pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí ọpọlọ dákẹ́ ni ò lágbára, ẹ wá ń béèrè kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ tó ń falẹ̀. Ọmọ tèmi náà ní i, London níbí. Mò ń bọ̀ lórí ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti oògùn torí inú ṣì ń bí mi.

Kò tíì pé oṣù méje tí gìrì àkọ́kọ́ fi dé, ara ẹ̀ kàn gbóná díẹ̀ ni, apá ọ̀tún nìkan ló ń gbọ̀n, kò sì tètè lọ. Wọ́n ní gìrì ibà lásán ni, tó bá dàgbà á lọ. Ó tún dé, ó tún dé, ìgbà míì apá òsì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá kọ̀ńsọ́tántì kan kọ carbamazepine, oògùn gìrì kan, fún un. Háà! Ọmọ tó ń jókòó, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ti ń pè mí, ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì láràárọ̀, ṣíbí á fò lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ á yí sókè, mi ò lè sùn, ọwọ́ mi máa ń wà láyà ẹ̀ lóru bóyá ó ṣì ń mí. Mo lọ sọ, mo ní oògùn yìí ni o, ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ní ká fi kún un. A fi kún un, ó burú sí i, wọ́n tún ní ìyá ọmọ ló ń ronú jù. Ìgbà tí èsì jíìnì dé ni ẹlòmíì wá ń sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé irú oògùn yẹn ò yẹ ọmọ Dravet.

Jíìnì SCN1A ló ń ṣe ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì kí sẹ́ẹ̀lì lè ránṣẹ́, ọdún 2001 ni wọ́n mọ̀ pé òun ló fà á. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú àwọn yòókù dákẹ́ ló gbára lé e jù. Carbamazepine, phenytoin, lamotrigine, ọ̀nà sódíọ̀mù yẹn náà ni wọ́n ń dí! Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí dà bí alága ìpàdé mọ̀lẹ́bí, tí wọ́n bá pa á lẹ́nu mọ́, gbogbo èèyàn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè yín wá. Bíi ìkan nínú márùn-ún sẹ́ẹ̀lì òkè ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì amúnidákẹ́ yìí, wọn kì í ṣe ti gìrì nìkan. Inú oyún ni wọ́n ti ń rìn wá láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ. GABA, kẹ́míkà tí wọ́n ń tú jáde láti fi ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì míì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ńṣe ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré jí, kó tó wá di amúnidákẹ́. Lọ́dún 1998, Takao Hensch, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rí i lára eku pé tí GABA ò bá tó, àsìkò tí ọpọlọ fi ń kọ́ bí á ṣe lo ojú méjèèjì kì í ṣí, àfìgbà tí wọ́n fún wọn ní diazepam, oògùn tó ń fún iṣẹ́ GABA lágbára. Nítorí náà kì í ṣe gìrì nìkan ló ń fa ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ ń fara gbá. Ẹ̀yìn ìbí ni SCN1A ń gba iṣẹ́ gan-an, ó wà lára ìdí tí ìdàgbàsókè ọmọ fi máa ń dáa lọ́dún kìíní.

Ìyá ọkọ mi pè láti Ìbàdàn pé ká wá àgbo gìrì, ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà. Ẹ má dán an wò, ó ń pa ọmọ. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fomi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà, wọn ò ní yé sọ ọ́, ibà ẹ̀ lè ta gìrì àkọ́kọ́ jí o, àmọ́ òun kọ́ ló fa àìsàn, nígbà tí Berkovic, dókítà wárápá kan, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ àwọn 14 tí wọ́n ní àjẹsára ló bà wọ́n lọ́pọlọ jẹ́ wò lọ́dún 2006, 11 ló ní àṣìṣe SCN1A.

Ti midazolam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, tẹ́ ẹ máa fún un tí gìrì bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ọ̀sì á kọ́ yín.

Ẹ ò sọ oògùn tó ń lò o. Ẹ wo páálí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìkankan nínú mẹ́ta tí mo dárúkọ yẹn, ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ má fúnra yín dá a dúró lójijì, ìyẹn náà ń fa gìrì.