Mo gbàgbé password admin kọ̀ǹpútà ilé mi (Windows 11). Ṣé fáìlì mi ti lọ nìyẹn?

Rárá o. Ẹ má tíì gbé e lọ sí Computer Village n'Íkẹjà.

Bí ẹ bá ń fi ímeèlì wọlé, àkáǹtì Microsoft ni. Ẹ fi fóònù lọ sí account.live.com/password/reset, kódù máa wọlé sórí nọ́ńbà yín, ẹ yí password padà. Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gba tuntun. Bí síìmù yẹn bá ti sọnù, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe welcome back.

Bó bá jẹ́ àkáǹtì orí kọ̀ǹpútà lásán, ẹ tẹ password tí kò tọ̀nà: “Reset password” máa yọ nísàlẹ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ti fèsì sí tẹ́lẹ̀. Tàbí kí ẹlòmíràn tó ní àkáǹtì admin lórí kọ̀ǹpútà náà wọlé, kó ṣí Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) pẹ̀lú “Run as administrator”, kó tẹ net user, orúkọ àkáǹtì yín, àti * (àyè ni kó wà láàárín wọn, kì í ṣe kọ́mà), kó wá tẹ password tuntun. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ fi EFS (ohun tí Windows fi ń ti fáìlì kọ̀ọ̀kan pa) tì kò ní ṣí mọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, Reset this PC ló kù (ẹ di Shift mú, ẹ tẹ Restart, kí ẹ wá yan Troubleshoot), ó sì máa nu gbogbo fáìlì. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ yọ díìsìkì, kó fi kọ̀ǹpútà mìíràn ṣe kọ́pì rẹ̀ lójú yín. Bí BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti odindi díìsìkì pa) bá tì í, recovery key, ìyẹn kódù oní-díjíìtì 48, ló ń ṣí i. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Ẹ má sì ṣe Reset láìsí bátìrì tó kún tàbí inverter: bí NEPA bá mú iná láàárín, Windows lè má tàn mọ́.