Ẹ Bi Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Ta Ló Ba Búṣìn V-boot Bàbá Tíṣà Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mercedes 230E ti ọdún 1991 ni mo ń lò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní V-boot. Ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo rà á, èmi àti ẹ̀ la sì jọ fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí mo bá ti bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù. Mẹkáníìkì mi yí búṣìn lower arm tọ̀tún tòsì (ìyẹn rọ́bà onírin tó wà lórí apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà iwájú mọ́ ara mọ́tò), ariwo sì dákẹ́. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ó fi padà dé. Táyà iwájú ń jẹ létí inú. Bí mo bá tẹ búréèkì nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ìléwó, ọkọ̀ á fẹ́ yà sápá òsì. Mẹkáníìkì ní ayédèrú ni búṣìn tí ẹlẹ́páàtì tà fún wa. Ẹlẹ́páàtì ní ojúlówó ni, pé mẹkáníìkì ni ò mọ̀ ọ́n dè. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ní kí n lọ wá búṣìn oníke líle, pé ìyẹn ò ní bàjẹ́ láéláé. Ìyàwó mi ní kí n ta mọ́tò náà. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́?
— Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìyá ilé sílẹ̀ ná. Ẹjọ́ tó wà láàárín mẹkáníìkì yín àti ẹlẹ́páàtì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá, torí pé irú ẹjọ́ yìí kì í tán nílùú wa. Ẹni tó tà á á ní ẹni tó dè é ni, ẹni tó dè é á ní ẹni tó tà á ni, olówó mọ́tò á sì tún tọwọ́ bàpò ra òmíràn.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí kì í parọ́: búṣìn tí wọ́n bá yọ. Kí wọ́n tó gbé jáákì sídìí mọ́tò, ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ gba èyí tó ti bàjẹ́ yẹn padà. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ọmọṣẹ́ kankan má lọ jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ nù ún, kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Irin méjì ló wà lára ẹ̀. Ti inú ni bóòtù ń gbà kọjá, ti ìta ló há sínú lower arm, rọ́bà ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pinpin mọ́ wọn. Bí rọ́bà yẹn bá ti wú, tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tó ń kun yín lọ́wọ́ dúdú, epo ló pa á. Bí ó bá ti gbẹ, tí gbogbo ojú ẹ̀ sán wẹ́wẹ́, tí ẹ fi èékánná họ ọ́ tó ń bọ́ lérúnlérún, rọ́bà burúkú ni, tàbí èyí tó ti pẹ́ jù lórí àtẹ. A jẹ́ pé ẹlẹ́páàtì ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ṣì dáa, tó ṣì ń fà, tó wá jẹ́ pé ńṣe ló ya yípo níbi tó ti lẹ̀ mọ́ irin inú, ẹlẹ́páàtì ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹni tó dè é ló pa á. Bí mo bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́, ibẹ̀ ni màá fowó mi sí.

Ìdí nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé búṣìn máa ń yí lórí bóòtù ni, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń yí lára ìdè rẹ̀. Rárá o. Bí wọ́n bá ti táìtì bóòtù, irin inú ti dúró gbagidi mọ́ ara mọ́tò nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ mira mọ́. Bí lower arm bá ń lọ sókè sódò, irin ìta nìkan ló ń bá a lọ. Rọ́bà àárín ló ń lọ́, tó tún ń lọ́ padà. Ibi tí lower arm wà nígbà tí wọ́n táìtì bóòtù ni rọ́bà máa kà sí ibùsinmi ẹ̀ títí ọjọ́ ayé.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe. Mọ́tò wà lórí jáákì, táyà ti kúrò, lower arm rọ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fi sípánà gígùn fún bóòtù náà títí tí iṣan ọrùn wọn á fi yọ. Wọ́n á dá táyà padà, wọ́n á sọ mọ́tò kalẹ̀, lower arm á gbéra sókè síbi tó yẹ kó wà. Rọ́bà ti lọ́ nìyẹn, kí mọ́tò tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ní ìsinmi mọ́, tọ̀sán tòru, bí ẹ tilẹ̀ páàkì sílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Gálọ́ọ̀pù tó bá wá pàdé ní Láfẹ́nwá tàbí lójú ọ̀nà Ìtòrì, orí lílọ́ tó ti lọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń bá a. Oṣù mẹ́jọ tí ẹ lò ó gan-an, ó gbìyànjú.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é rèé. Kí wọ́n ti bóòtù bọ̀ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ yí nọ́ọ̀tù dé ìdí, kí wọ́n má táìtì ẹ̀. Kí wọ́n dá táyà padà, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró. Kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ iwájú ẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí wọ́n tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jókòó dáadáa. Nígbà náà ni kí ọ̀kan nínú wọn bọ́ sínú kòtò ṣọ́ọ̀bù lọ táìtì bóòtù. Bí ṣọ́ọ̀bù ò bá ní kòtò, wọ́n lè gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé orí pákó tó nípọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ kàn há fún ọwọ́ bí mọ́tò bá ti jókòó ni, ohun tí wọ́n ṣe ń sá fún un nìyẹn. Torí náà, ẹ bi mẹkáníìkì yín wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ọ̀gá, ìgbà tẹ́ ẹ táìtì bóòtù yẹn, ṣé mọ́tò wà nílẹ̀ àbí ó wà lórí jáákì?" Bó bá ti ń wojú yín láì fèsì, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ti apá òsì tí ọkọ̀ ń yà sí. Àpótí sítíárìn V-boot, apá òsì ló wà, òróró páwà sì máa ń jò níbẹ̀ bí mọ́tò bá ti dàgbà. Ẹ ní kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo òkè lower arm òsì. Bí epo bá ń kán sí i, kí wọ́n dí ibi tó ń jò kí wọ́n tó fi búṣìn tuntun síbẹ̀. Epo àti rọ́bà kì í gbélé pọ̀. Bákan náà, ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi yọ̀ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́ kó wọlé. Ẹni tó bá ń nawọ́ sí gíríìsì, ẹ dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ẹ má sì tíì dá búṣìn nìkan lẹ́bi. Ball joint, oríkèé tó so lower arm mọ́ ẹsẹ̀ táyà, bí ó bá ti jẹ, òun náà ń ké, ó sì léwu ju búṣìn lọ, torí bí ó bá já, táyà á dojú dé lójú títì. Ẹ ní kí wọ́n wò ó. Fún búṣìn, àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, bí ẹ bá rí irú ẹ̀ ní Abẹ́òkúta wa yìí. Kí ẹnì kan jókòó sídìí ọkọ̀, kó máa rìn jẹ́jẹ́ síwájú, kó tẹ búréèkì, kó rìn sẹ́yìn, kó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú, kí ẹ máa wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà. Bí táyà bá ń fò síwá tàbí sẹ́yìn nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ búréèkì, búṣìn ti lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa. Sípíríńgì iwájú V-boot kò sí lára ṣọ́ọ̀kù bíi ti Camry. Orí lower arm gan-an ló jókòó sí, tí wọ́n fún un pa síbẹ̀. Ẹni tó bá tú lower arm láì kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún sípíríńgì dì í mú, sípíríńgì yẹn lè fò jáde kó pààyàn. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní jáákì kan ṣoṣo làwọn máa fi rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì wa mọ́tò yín lọ.

Bóòtù tó di lower arm mú tún ní orí kan tí àárín rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ni wọ́n ń yí láti fi ṣètò bí táyà ṣe dúró. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó wà kí wọ́n tó tú u. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni kí ẹ lọ ṣe alignment. Ṣíṣe alignment sórí búṣìn tó ti ya, owó gbé ni, torí bí ẹ bá ti dé gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, gbogbo ìwọ̀n yẹn ti yẹ̀.

Ó kan ọmọ yín. Búṣìn oníke yẹn wà lóòótọ́, ó sì máa ń pẹ́. Àmọ́ kì í lọ́ bíi rọ́bà, yíyí ló ń yí, ó ń fẹ́ gíríìsì lóòrèkóòrè. Bí yanrìn bá wọ ibẹ̀, á máa han létí yín. Gbogbo òkúta tí ẹ bá gùn ni ìdí yín á sì máa mọ̀ lára. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje ló wà fún. Ẹni tó ra Benz torí kí ara lè tù ú, kí ló ń wá níbẹ̀?

Ẹ má gbà kí tọ́nà gé táyà tírélà ṣe búṣìn fún yín o. Rọ́bà yẹn lágbára, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ irin kankan, á kàn máa yọ̀ nínú ilé rẹ̀ ni. Lower arm tòkunbọ̀ náà ń kọ́? Bí irin ẹ̀ ò bá wọ́, ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ yọ búṣìn inú ẹ̀ dànù. Jámánì ti dáwọ́ ṣíṣe sàlúùnù V-boot dúró láti 1995, rọ́bà tó bá bá a wá sí Nàìjíríà ti dàgbà ju ọmọ yunifásítì lọ.

Ẹ bá mi kí ìyá ilé. Ẹ má ta mọ́tò náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀pá márùn-ún tó di táyà kọ̀ọ̀kan mú, irú èyí tí Mercedes kọ́kọ́ gbé jáde lára 190 ní 1982, òun ni kì í jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbọ̀n bí ẹ bá ń sáré lọ́nà Ṣágámù. Ẹ̀yìn yẹn ní búṣìn tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi èyí tó ya hàn yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Lexus ES 300 mi máa ń han fín-ín fín-ín níwájú láàárọ̀. Mẹkáníìkì máa ń da ẹ́ńjìn ọ́ìlì sí búṣìn stabilizer (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan), á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ṣé kí n máa dà á lọ bẹ́ẹ̀?
— Oníṣòwò àdìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó dáwọ́ dúró lónìí. Ẹ ti ka ohun tí mo sọ fún Bàbá lókè nípa epo àti rọ́bà. Omi lásán ni kí ẹ bù sí búṣìn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí híhan náà bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá nìyẹn. Kí wọ́n yí i tọ̀tún tòsì. Nínú gbogbo rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò, òun wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, omi dúdú kan ń jáde lára búṣìn iwájú BMW mi, sítíárìn sì ń gbọ̀n bí mo bá tẹ búréèkì lórí eré. Ṣé mo lè gbé e lọ síbi ìgbéyàwó n'Íbàdàn ní Sátidé?
— Àdàtán

ÌDÁHÙN: Wọ́n ṣe búṣìn yẹn pẹ̀lú omi nínú ni, láti mú ìgbọ̀n rọlẹ̀. Bí omi bá ti jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, sítíárìn tó sì ń gbọ̀n lórí eré ti jẹ́rìí sí i. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ Ìbàdàn. Bí ẹ bá dé ní Mọ́ńdè, ẹ ra ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ojú rẹ̀ síbi tí àmì ara rẹ̀ bá sọ, torí irú búṣìn bẹ́ẹ̀ ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn.