Èsì: Ṣé kí n fi iṣẹ́ kíà yìí sílẹ̀ ní UK?

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. O ní wákàtí 70 lò ń ṣe lọ́sẹ̀ nídìí iṣẹ́ kíà (títọ́jú àwọn arúgbó àti aláìsàn), o sì ń béèrè bóyá kó o fi í sílẹ̀. Má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wá sponsor tuntun ná, ìyẹn ilé iṣẹ́ míì tó máa gbà ẹ́ síṣẹ́, tó sì máa dúró fún físà ẹ. Tó bá jẹ́ Skilled Worker (físà òṣìṣẹ́) ni físà ẹ, tó o bá kúrò, 60 ọjọ́ ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba UK tó ń rí sọ́rọ̀ físà, sábà máa ń fún èèyàn láti rí òmíì, kì í sì í pẹ́ pé rárá.

Wákàtí 70 lọ́sẹ̀ tó o sọ yẹn, òfin wọn ní kó má ju 48 lọ ní ìpíndọ́gba, àfi tó o bá ti fọwọ́ síwèé pé o gbà láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ; síbẹ̀, o ṣì lè kọ̀wé yọ ara ẹ kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ tó bá ti ń kan ìlera, jọ̀ọ́ máa bọ̀ nílé. Àbúrò ìyàwó mi padà sí Iléṣà níbí, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú débi pé sílípáàsì ò wọ̀ ọ́, màmá ẹ̀ ló ń fomi gbígbóná jó o láràárọ̀.