Ṣé PS5 Pro kì í ṣe PS6 ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. PS5 (PlayStation 5, ẹ̀rọ géèmù Sony) wà nílé, ọmọ mi tún ń yọ mí lẹ́nu pé Pro lòun fẹ́. Kí ló dé? — Ìyá Kọ́lá

Ìdáhùn: Ìyá Kọ́lá, Pro kì í ṣe PS6: géèmù kan náà ni òun àti PS5 ń gbà, agbára àwòrán ni wọ́n fi kún Pro. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta irú àfikún agbára báyìí. Ní 1994, ilé iṣẹ́ Sega gbé 32X jáde, ohun àfikún tí wọ́n ń tì bọ ihò káséètì géèmù Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù wọn, tó tún ní wáyà iná tirẹ̀ lọ́tọ̀! Kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Tẹlifíṣọ̀n 4K, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ju ti àtijọ́ lọ, ló bí PS4 Pro ní 2016. Mo ra tèmi, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. PS5 Pro, bíi 700 dọ́là ní 2024, kì í bá ihò díìsìkì wá. Kí ẹ tó rà á, ẹ ka iye díìsìkì tí Kọ́lá ní ná.