Kí ló ń mú Òkè Olósùnta dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS3. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní bí inú átọ́ọ̀mù bá ṣófo tó báyìí, kí ló dé tí Olósùnta kò fi sún kì? Mo ní òfin Pauli ni, èyí tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nínú átọ́ọ̀mù kò lè wà ní ipò kan náà. Ó ní kí ló bí òfin náà. Mi ò rí èsì fún un.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bá mi kí ọmọ yẹn gan-an.

Bó ti wù kí ìbejì jọra tó, ìyá wọn mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní àmì kankan tí a lè fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Bí o bá pààrọ̀ méjì, kò sóhun tí o lè wọ̀n tí yóò fi hàn. Ìṣirò tó ń júwe wọn pa pọ̀ là ń pè ní Ψ. Pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, o ti padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìpààrọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lè fi Ψ sílẹ̀ bó ṣe wà, tàbí kó sọ ọ́ di −Ψ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, bíi gbogbo fermion (ẹ̀yà èérún tí proton àti neutron náà wà nínú rẹ̀), −Ψ ló ń tẹ̀ lé.

Wàyí o, fi méjèèjì sí ipò kan náà, spin wọn (ìwà abínibí kan tó jọ yíyí) pẹ̀lú. Ìpààrọ̀ kò yí nǹkan kan padà, síbẹ̀ Ψ gbọ́dọ̀ di −Ψ. Nọ́ńbà wo ló bá àyọkúrò ara rẹ̀ dọ́gba? Òdo nìkan. Irú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè sí láé. Pauli sọ òfin yìí ní 1925. Ní 1926 ni Heisenberg àti Dirac fi hàn pé inú ìpààrọ̀ ló ti wá. Nínú gbogbo físíìsì tí mo ti kọ́ ọmọ, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó o.

Bí wọ́n bá pọ̀ ńkọ́? Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá inú neon ní ọ̀nà ìpààrọ̀ 3,628,800. Ibẹ̀ ni group theory, ìṣirò nípa irú ìpààrọ̀ báyìí, ti wúlò, onímọ̀ físíìsì Wigner sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó fún irú iṣẹ́ yìí. Ìpààrọ̀ tí iye ìgbà tí a fi pààrọ̀ méjì-méjì nínú rẹ̀ kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba ló ń mú àmì àyọkúrò wá. Ní 1929, Slater kó gbogbo rẹ̀ sínú determinant, ìyẹn ìṣirò kan tí a ń ṣe láti inú àtẹ onílà.

Ti Olósùnta wàyí: nítorí òfin yìí, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè kó jọ sí ipò kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àyè. Dyson àti Lenard fi ìṣirò múlẹ̀ ní 1967 pé pẹ̀lú òfin yìí, bó ti wù kí átọ́ọ̀mù pọ̀ tó, wọn kò ní sún kì.

Kọ determinant 2×2 sójú pátákó. Jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ìlà méjèèjì, kó rí i pé àmì yí padà; kó wá sọ wọ́n di ọ̀kan náà, kó sì ṣírò èsì rẹ̀.